Orí Kẹfà: Ọmọkùnrin Mẹ́rin Lójú Irin

Lọ́dún 1986 ni Rob Reiner, olùdarí fíìmù ní Amẹ́ríkà, gbé fíìmù tó ń jẹ́ Stand by Me jáde. Inú ìtàn kan tí Stephen King kọ, èyí tó pè ní The Body, tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 1982, ni wọ́n ti fa fíìmù náà yọ. Kò gùn rárá, wákàtí kan ààbọ̀ ni. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀ kò sì pọ̀. Ọdún 1959 ni, ní Castle Rock, ìlú kékeré inú àròsọ kan ní ìpínlẹ̀ Oregon. Ọlidé iléèwé ti ń parí lọ. Ọmọkùnrin mẹ́rin tí wọ́n tó ọmọ ọdún 12 gbọ́ pé ọkọ̀ ojú irin ti pa ọmọ ẹgbẹ́ wọn kan tó lọ já èso nínú igbó, pé òkú rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó kọ́kọ́ rí i kò lè sọ fún ọlọ́pàá, nítorí ọkọ̀ tí wọ́n jí ni wọ́n gbé débẹ̀. Ni àwọn ọmọ mẹ́rin náà bá parọ́ fún àwọn òbí wọn, wọ́n tọ ojú irin, wọ́n rìn títí, wọ́n sun inú igbó mọ́jú, wọ́n rí òkú náà, wọ́n sì padà sílé.

Kí ni irú fíìmù bẹ́ẹ̀ ń wá nínú ìwé ìlera? Ìdí ni pé bí wọ́n ṣe ń rìn ni wọ́n ń sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sì bá ara wọn sọ ṣe ohun tí àgbàlagbà kankan nínú ìlú wọn kò ṣe fún wọn. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí òǹkàwé mú kúrò nínú orí yìí: ọ̀rẹ́ tó ń gbọ́ni láìfini ṣe yẹ̀yẹ́, tí kò sì kánjú láti pa ni lẹ́nu mọ́, wà lára ohun tí ara àti ọkàn ọmọ ń lò láti fi dàgbà dáadáa. Àwa àgbà la sì máa ń gba ohun iyebíye yìí lọ́wọ́ àwọn ọmọkùnrin wa, láìmọ̀.

Egbò tí àgbà kò rí

Gordie Lachance ni ìtàn náà dá lé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Denny, tí gbogbo ìlú fẹ́ràn nítorí bọ́ọ̀lù tó ń gbá, ti kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ jíìpù ní oṣù mélòó kan sẹ́yìn. Láti ọjọ́ náà ni bàbá àti ìyá rẹ̀ ti ń wo Gordie bí ẹni pé kò sí nínú ilé. Denny ló máa ń ka ìtàn tí àbúrò rẹ̀ ń kọ. Nígbà ayé rẹ̀, ó fẹ́ yin ọ̀kan nínú ìtàn náà nídìí oúnjẹ alẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni bàbá wọn fi bò ó mọ́lẹ̀.

Chris Chambers, ọ̀rẹ́ kòríkòsùn Gordie, wá láti ìdílé tí gbogbo ìlú ti pè ní ìdílé olè àti ọ̀mùtí, bàbá rẹ̀ sì máa ń lù ú. Teddy Duchamp ní àpá létí, nítorí bàbá rẹ̀ ti fi etí náà lé orí sítóòfù gbígbóná. Síbẹ̀ Teddy kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ bàbá yìí láìdáa, torí pé bàbá náà wà lára àwọn ọmọ ogun tó balẹ̀ sí etíkun Normandy nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Vern Tessio ni ẹ̀rù máa ń bà jù nínú wọn. Abẹ́ ilé wọn ló wà, tó ń wú ilẹ̀ láti wá ìgò owó sẹ́ǹtì kan tó ti rì mọ́lẹ̀ tó sì ti gbàgbé ibi tó wà, nígbà tó gbọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ òkú náà.

Ọmọ mẹ́rin, egbò mẹ́rin, kò sì sí òbí kan tó bi èyíkéyìí nínú wọn pé kí ló ń dùn ún.

Harry Stack Sullivan, oníṣègùn ọpọlọ ní Amẹ́ríkà, ti ronú lórí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ṣáájú kí fíìmù yìí tó wà. Nínú ìwé rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 1953, lẹ́yìn ikú rẹ̀, ó ní ọmọ tó ń sún mọ́ ìbàlágà máa ń ní ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo tí ayọ̀ rẹ̀ àti ìrora rẹ̀ ká a lára bíi tara rẹ̀. Sullivan gbà pé irú ọ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀ lè tún díẹ̀ ṣe nínú ohun tí ilé ti bà jẹ́. Àwọn Yorùbá náà kíyè sí i pé ọ̀rẹ́ kì í gbẹlẹ́ta, èjì lọ̀rẹ́ ń gbà. Mẹ́rin làwọn ọmọ Castle Rock, ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dé ojú rẹ̀, Chris ni Gordie ń sọ ọ́ fún, Gordie sì ni Chris ń sọ ọ́ fún.

Lọ́dún 2011, Ryan Adams, Jonathan Santo àti William Bukowski tẹ ìwádìí kan jáde tó fi hàn pé ọ̀rọ̀ yìí wọnú ara lọ. Ọmọ iléèwé 103 ni wọ́n bá ṣiṣẹ́, kíláàsì karùn-ún àti kẹfà ni wọ́n wà, ìyẹn ni pé ẹgbẹ́ Gordie àti Chris ni wọ́n. Fún ọjọ́ mẹ́rin, lọ́pọ̀ ìgbà lóòjọ́, ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí i sílẹ̀ àti ẹni tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀, wọ́n sì gba itọ́ ẹnu rẹ̀ láti wọn cortisol, họ́mọ́ọ̀nù tí ara máa ń tú jáde nígbà tí nǹkan bá le. Nígbà tí ohun burúkú bá ṣẹlẹ̀ sí ọmọ tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́ kò sí nítòsí, cortisol rẹ̀ máa ń lọ sókè, iyì tó ní lójú ara rẹ̀ sì máa ń wálẹ̀. Bí ọ̀rẹ́ náà bá wà níbẹ̀, ohun burúkú yẹn kò ní agbára tó bẹ́ẹ̀ lórí rẹ̀ mọ́. Ohun tójú kò rí ni, àmọ́ ó wà nínú itọ́ ọmọ.

Ẹsẹ̀ ń rìn, ẹnu ń sọ̀rọ̀

Yorùbá ní ojú lọ̀rọ̀ wà, òótọ́ sì ni: a máa ń wo ojú ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ká lè mọ ohun tó wà níkùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n fún ọmọ tó ń tijú, ojú tó tẹjú mọ́ ọn lè wúwo jù. Nínú fíìmù yìí, ọ̀rọ̀ tó wúwo kì í jáde nígbà tí àwọn ọmọ bá kọjú síra wọn. Ó ń jáde nígbà tí wọ́n bá ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí ojú irin, tí ojú kálukú wà lọ́nà. Ó ń jáde nídìí iná, nínú òkùnkùn. Òbí tó bá ti wa ọkọ̀ gbé ọmọ rẹ̀ lọ síbi kan, tàbí tó ti jókòó ti ọmọ nídìí ẹ̀gúsí tí wọ́n jọ ń bó, mọ̀ pé ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti ń wá láti ọ̀sẹ̀ yìí wá máa ń dédé yọ.

Ohun mìíràn tó ń jáde lẹ́nu àwọn ọmọ náà ni èébú. Wọ́n ń bú ìyá ara wọn, wọ́n ń fi Vern ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń pe ara wọn ní orúkọ tí kò ṣe é tún pè níwájú àgbà. Àgbàlagbà tó bá gbọ́ ọ láti òkèèrè yóò rò pé ọ̀tá ni wọ́n. Ẹ kíyè sí ohun tó ṣẹlẹ̀ níbi tí wọ́n ń da àlòkù irin sí. Ọkùnrin tó ni ibẹ̀ bínú sí wọn, ó sì pe bàbá Teddy ní wèrè. Lójú ẹsẹ̀ ni eré tán. Teddy fò fẹ̀rẹ̀, ó ń sunkún, ó ń fẹ́ gun ọgbà lọ bá ọkùnrin náà, àwọn yòókù sì dì í mú. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n padà sójú ọ̀nà, Teddy tọrọ àforíjì pé òun ti ba ìgbádùn wọn jẹ́. Gordie wá fèsì pé bóyá kò tiẹ̀ yẹ kí ìrìn àjò náà jẹ́ ìgbádùn, nígbà tó jẹ́ òkú ọmọdé ni wọ́n ń lọ wò.

Ìdáhùn yìí ga ju ọjọ́ orí ẹni tó sọ ọ́ lọ. Gordie kò sọ fún Teddy pé kó gbàgbé rẹ̀. Ohun tó sọ ni pé ìbànújẹ́ rẹ̀ ní ààyè láàárín wọn. Ọ̀nà tí a fi ń mọ ẹ̀fẹ̀ ọ̀rẹ́ yàtọ̀ sí ìkà nìyẹn: ọ̀rẹ́ mọ ibi tí egbò rẹ wà, kì í sì í fọwọ́ kàn án bó ti wù kí eré dùn tó. Ọmọ tí wọ́n ń fi egbò rẹ̀ gan-an ṣe yẹ̀yẹ́ kò sí láàárín ọ̀rẹ́, ì báà jẹ́ pé gbogbo wọn jọ ń rẹ́rìn-ín.

Òru tí Chris sọ tinú rẹ̀

Lóru, nígbà tí wọ́n ń gba iṣẹ́ ọdẹ ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan, àlá burúkú jí Gordie. Ó lọ jókòó ti Chris. Ibẹ̀ ni Chris ti sọ ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Gbogbo iléèwé mọ̀ pé òun ló jí owó mílíìkì àwọn ọmọ kíláàsì, wọ́n sì lé e nílé ẹ̀kọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ohun tí wọn kò mọ̀ ni pé ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀, ó sì gbé owó náà padà fún olùkọ́ rẹ̀. Olùkọ́ náà gba owó, kò dá a padà fún iléèwé, kò sì bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ síta. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó wọ síkẹ́ẹ̀tì tuntun wá. Chris sunkún. Ó ní ó wu òun kí òun lọ síbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ òun.

River Phoenix, tó ṣe Chris, jẹ́ ọmọ ọdún 14 nígbà tí wọ́n ń ya fíìmù náà lọ́wọ́ lọ́dún 1985. Reiner ti sọ pé òun ní kó rántí ìgbà kan tí àgbàlagbà tó gbọ́kàn lé já a kulẹ̀, pé kò pọn dandan kó sọ ẹni náà fún òun. Ẹkún tí ọmọ náà sun lẹ́yìn ìyẹn ni a rí nínú fíìmù.

Kí ni Gordie ṣe? Ohun tó ṣe kéré lójú. Nígbà tí Chris fi ẹnu kan bí òun ṣe fẹ́ dá owó padà, Gordie kàn tún ọ̀rọ̀ náà sọ gẹ́gẹ́ bí ìbéèrè: ṣé o gbìyànjú láti dá a padà? Ìbéèrè kékeré yẹn ló ṣí ìyókù. Lẹ́yìn náà ó dákẹ́, ó sì fọwọ́ kan èjìká ọ̀rẹ́ rẹ̀. Kò wàásù nípa olè jíjà, kò sọ pé ọ̀la á dáa, kò sì fi ìṣòro tirẹ̀ dí ọ̀nà mọ́ ti Chris. Lọ́dún 1957, Carl Rogers àti Richard Farson kọ ìwé pẹlẹbẹ kan nípa irú ìgbọ́rọ̀ báyìí. Ẹ̀kọ́ wọn ni pé kí olùgbọ́ wá ìtumọ̀ ohun tí ẹni náà ń sọ àti bó ṣe rí lọ́kàn rẹ̀, kó sì sọ ohun tó gbọ́ padà fún un kí wọ́n lè jọ mọ̀ pé ó yé e. Iṣẹ́ tí àwọn agbaninímọ̀ràn ń lọ iléèwé gíga kọ́ ni Gordie ṣe nídìí igi.

Àwọn olùwádìí ti mọ̀ pé báyìí ni ìbáṣepọ̀ ṣe ń jinlẹ̀. Irwin Altman àti Dalmas Taylor ṣàlàyé lọ́dún 1973 pé ọ̀rọ̀ òkè ni àwọn èèyàn fi ń bẹ̀rẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n sì ń wọnú lọ. Lọ́dún 1997, Arthur Aron àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí jáde nínú èyí tí àwọn tí kò mọra rí jókòó ní méjìméjì fún ìṣẹ́jú 45, tí wọ́n ń bi ara wọn ní ìbéèrè 36 tó ń jinlẹ̀ sí i bó ṣe ń lọ. Àwọn tó dáhùn irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ sún mọ́ra ju àwọn tó kàn sọ̀rọ̀ ṣákálá lọ. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ jẹ́ tọ̀tún tòsì: bí ẹnì kan bá ń sọ tí ẹnì kejì ń fi tirẹ̀ pamọ́, ìtìjú ló máa ń dá sílẹ̀.

Èyí kò ní ká máa tú gbogbo inú wa síta. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Gordie nìkan jókòó lórí ojú irin, àgbọ̀nrín kan sì wá dúró nítòsí rẹ̀. Kò sọ fún àwọn yòókù. Ó pa á mọ́ títí ó fi dàgbà. Ọmọ tó ní ọ̀rẹ́ gidi lẹ́tọ̀ọ́ láti ní ohun tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan.

Ìtàn kan, olùgbọ́ mẹ́ta

Lálẹ́ yẹn kan náà, kí wọ́n tó sùn, Gordie ti sọ ìtàn kan tó fúnra rẹ̀ hun, nípa ọmọ sísanra kan tó gbẹ̀san lára àwọn ará ìlú tó ń fi ṣẹ̀sín níbi ìdíje jíjẹ páì. Ìdáhùn àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ yẹ fún àyẹ̀wò. Teddy kò fẹ́ràn ìparí rẹ̀. Ó ní ó yẹ kí ọmọ náà yìnbọn pa bàbá rẹ̀ kó sì sá lọ. Vern béèrè bóyá ọmọ náà san owó kó tó wọ ìdíje. Chris ní ìtàn náà dára. Nígbà tí òun àti Gordie sì wà ní àwọn nìkan, ó ti sọ fún un pé ẹ̀bùn ni, pé kò gbọ́dọ̀ sọ ọ́ nù, pé bí àwọn òbí rẹ̀ kò bá ṣọ́ ẹ̀bùn náà, ó yẹ kí ẹnì kan bá a ṣọ́ ọ.

Ọ̀pọ̀ wa gbà pé ọjọ́ ìṣòro la fi ń mọ ọ̀rẹ́. Shelly Gable àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ fi hàn lọ́dún 2004 pé ọjọ́ ayọ̀ náà ń dán ọ̀rẹ́ wò. Wọ́n yẹ ìdáhùn tí àwọn èèyàn ń fún olólùfẹ́ wọn wò nígbà tó bá mú ìròyìn ayọ̀ wá. Ẹlòmíràn á fi tọkàntọkàn bá a yọ̀, á sì béèrè sí i. Ẹlòmíràn á ní ó dáa, ó parí. Ẹlòmíràn á wá àléébù ibẹ̀. Ẹlòmíràn á mú ọ̀rọ̀ mìíràn wá. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àkọ́kọ́ nìkan ló bá ìbáṣepọ̀ tó dán mọ́rán rìn. Bàbá Gordie, tó fi bọ́ọ̀lù bo ọ̀rọ̀ ìtàn mọ́lẹ̀, wà nínú ẹ̀ka tó gbẹ̀yìn. Kò lu ọmọ náà, kò bú u, síbẹ̀ egbò tó dá sí i lára kò kéré sí ti ẹni tí wọ́n lù.

Ẹkún tí ẹnì kan gbà

Nígbà tí wọ́n dé ìdí òkú náà, ẹkún tí Gordie kò sun nígbà ìsìnkú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dé. Ó béèrè ìdí tí Denny fi ní láti kú. Ó sọ ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn láti oṣù wọ̀nyí: pé bàbá òun kórìíra òun. Chris dì í mọ́ra, kò sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yẹn dúró bẹ́ẹ̀. Ó ní bàbá náà kò kórìíra rẹ̀, kò kàn mọ̀ ọ́n ni.

Ẹ wo ipa tí gbólóhùn náà ní. Ọmọ tó gbà pé wọ́n kórìíra òun yóò wá ẹ̀bi sára ara rẹ̀ títí ayé. Èyí tó mọ̀ pé wọn kò mọ òun lè retí pé ẹlòmíràn yóò mọ òun lọ́jọ́ kan. Chris kò sì lè sọ ọ́ ká ní kò kọ́kọ́ jẹ́ kí ẹkún náà jáde. Ìgbọ́rọ̀ ló ṣáájú, ìmọ̀ràn ló tẹ̀ lé e.

Ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ti wo inú ọpọlọ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Lọ́dún 2007, Matthew Lieberman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi àwòrán ojú ẹni tó ń bínú tàbí tí ẹ̀rù ń bà han àwọn èèyàn nígbà tí ẹ̀rọ ń ya àwòrán ọpọlọ wọn. Nígbà tí wọ́n bá pe ìmọ̀lára tó wà lójú náà lórúkọ, iṣẹ́ tí amygdala ń ṣe máa ń dínkù. Amygdala ni apá kékeré inú ọpọlọ tó máa ń jí nígbà tí a bá fura sí ewu. Apá kan níwájú ọpọlọ sì máa ń gbéra nígbà kan náà. Ẹ̀rù tí a ti rí orúkọ fún kò le tó èyí tí kò lórúkọ. Yorùbá ti wí i pé ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Ọ̀rẹ́ lè tini sínú ewu

Mo gbọ́dọ̀ sọ apá kejì. Ní ọ̀sán ọjọ́ àkọ́kọ́, Teddy dúró sójú irin de ọkọ̀ tó ń bọ̀, ó fẹ́ fò kúrò nígbà tó bá kù díẹ̀ kó dé. Lọ́dún 2005, Margo Gardner àti Laurence Steinberg jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ àti àgbàlagbà ṣe eré wíwa ọkọ̀ lórí kọ̀ǹpútà, nígbà mìíràn àwọn nìkan, nígbà mìíràn pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ wọn. Bí ojú ẹgbẹ́ bá wà lára àwọn ọ̀dọ́, wọ́n máa ń fẹ̀mí wewu púpọ̀ sí i. Ti àwọn àgbàlagbà kò yí padà. Ojú ọ̀rẹ́ tó ń dín cortisol kù lè mú kí ọmọ dúró níwájú ọkọ̀. Chris ló fipá fa Teddy kúrò. Teddy bínú, wọ́n fẹ́ jà, Chris sì nawọ́ sí i kí wọ́n parí rẹ̀. Ọ̀rẹ́ gidi a máa kọ̀ fún ọ̀rẹ́, a sì máa tètè wá àlàáfíà lẹ́yìn rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ sísọ náà ní ìwọ̀n. Amanda Rose fi hàn lọ́dún 2002 pé àwọn ọ̀rẹ́ tó máa ń yí ìṣòro kan náà ká léraléra, pàápàá láàárín àwọn ọmọbìnrin, máa ń sún mọ́ra gan-an, ṣùgbọ́n àníyàn àti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn wọn máa ń pọ̀ sí i. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ ní Oregon, Chris dìde, ó sì ń bá ìrìn lọ. A sọ ọ́, wọ́n gbọ́ ọ, ẹsẹ̀ tún yá.

Ohun tó ń sọnù lọ́mọ ọdún 15

Niobe Way, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì New York, fi ọ̀pọ̀ ọdún bá àwọn ọmọkùnrin sọ̀rọ̀ nípa ọ̀rẹ́ wọn, ó ń padà tọ ọmọ kan náà lọ bó ṣe ń dàgbà. Ìwé tó kọ lórí rẹ̀, Deep Secrets, jáde lọ́dún 2011. Nígbà tí àwọn ọmọ wọ̀nyí jẹ́ ọmọ ọdún 13 tàbí 14, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ wọn pẹ̀lú ìfẹ́ tó ṣe kedere: ẹni tí wọ́n lè sọ àṣírí fún, ẹni tí wọn kò lè ṣe aláìní. Bí wọ́n ṣe ń wọ ọdún 15, 16 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀pọ̀ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í yí ohùn padà. Wọ́n ní àwọn kò fọkàn tán ẹnikẹ́ni mọ́, wọ́n ní ọwọ́ àwọn dí, síbẹ̀ wọ́n sọ pé àárò irú ọ̀rẹ́ yẹn ń sọ àwọn. Ohun tí Way rí ni pé àwọn ọmọ náà ti gbọ́ ohun tí ayé wọn ń pè ní ọkùnrin: ẹni tí kò nílò ẹnikẹ́ni.

Amẹ́ríkà ni Way ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ náà kò ṣàjèjì sí wa. Nínú ilé wa pẹ̀lú, wọ́n máa ń sọ fún ọmọ ọdún mẹ́fà tó ṣubú pé ọkùnrin kì í sunkún. Ó dùn mí láti gbọ́ ọ. Ọmọ tí a kọ́ láti gbé ẹkún mì yóò gbé ìbéèrè mì pẹ̀lú, yóò gbé ìdúpẹ́ àti àforíjì mì. Bó bá wá dọkọ, tó dọ̀gá níbi iṣẹ́, a ó máa ṣe kàyéfì pé kò lè sọ ohun tó ń ṣe é, títí tí ẹ̀jẹ̀ ríru yóò fi bá a sọ ọ́.

Ogún ọmọdé kì í ṣeré fógún ọdún

Ọ̀rẹ́ àwọn mẹ́rin náà kò pẹ́. Teddy àti Vern di ẹni tí Gordie kàn ń rí fìrí nínú ọgbà iléèwé. Chris kàwé pẹ̀lú Gordie, ó di lọ́yà. Ó ti dàgbà nígbà tí wọ́n gún un pa níbi tó ti ń la ìjà nílé oúnjẹ kan. Gordie, tó ti di òǹkọ̀wé, kò tíì fojú kàn án fún ohun tó ju ọdún mẹ́wàá lọ. Ìròyìn ikú yẹn ló mú kó kọ ìtàn náà sílẹ̀, èyí sì ní ìwúlò fún ara. James Pennebaker àti Sandra Beall fi hàn lọ́dún 1986, ọdún tí fíìmù yìí jáde gan-an, pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó fi ìṣẹ́jú 15 lóòjọ́, fún ọjọ́ mẹ́rin, kọ ohun tó bà wọ́n lọ́kàn jẹ́ jù àti bó ṣe rí lára wọn, kò lọ sílé ìwòsàn iléèwé tó àwọn yòókù láàárín oṣù mélòó kan tó tẹ̀ lé e. Ìwé kíkọ jẹ́ ọ̀nà fún ẹni tí kò tíì rí olùgbọ́.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe pé ìyapa àgbà kò ní àtúnṣe. Jeffrey Hall ṣírò rẹ̀ lọ́dún 2018 pé ó máa ń tó wákàtí 50 kí ojúlùmọ̀ tó di ọ̀rẹ́ ṣákálá, ó sì máa ń ju wákàtí 200 lọ kí ẹni náà tó di ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́. Ọmọdé ń rí wákàtí yẹn nínú ọlidé kan. Àgbà ní láti dìídì wá a. Ó sì yẹ kó wá a: nígbà tí Julianne Holt-Lunstad àti ẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìwádìí 148 jọ lọ́dún 2010, èyí tó kan èèyàn tó lé ní 300,000, wọ́n rí i pé àwọn tí àjọṣe wọn pẹ̀lú èèyàn lágbára ní àǹfààní láti ṣì wà láàyè nígbà tí ìwádìí bá parí, tó fi ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti àwọn tí tiwọn kò lágbára lọ.

Ohun tó yẹ ká ṣe

Bí o bá jẹ́ òbí, wá iṣẹ́ tí ìwọ àti ọmọ rẹ yóò jọ máa ṣe tí ojú yín kò ní í kọjú síra, kí o sì fàyè sílẹ̀ fún ìdákẹ́jẹ́. Mọ orúkọ ọ̀rẹ́ ọmọ rẹ. Bí ẹ bá fẹ́ kó kúrò ládùúgbò tàbí yí iléèwé ọmọ padà, rántí pé ẹni tó ń mú ọkàn rẹ̀ balẹ̀ lẹ fẹ́ yà nípá lára rẹ̀, kí ẹ sì wá ọ̀nà tí wọn yóò fi máa ríra.

Bí ọmọ bá mú ayọ̀ wá, fi ohun tí o ń ṣe lọ́wọ́ sílẹ̀ kí o sì bi í ní ìbéèrè kan lórí rẹ̀. Bó bá mú ẹkún wá, tún ohun tó sọ sọ fún un kí o tó fún un nímọ̀ràn. Bó bá jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ fún ọ, má ṣe bíi ti olùkọ́ Chris. Ọmọ tí àgbà dà nígbà tó sọ òótọ́ yóò pẹ́ kó tó tún sọ ọ́. Bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá sì ti kọjá agbára ọ̀rẹ́ àti òbí, bó bá ń sọ pé ayé sú òun tàbí pé ẹnì kan ń pa òun lára, mú un lọ bá dókítà tàbí agbaninímọ̀ràn lọ́jọ́ náà. Kò yẹ kí ọmọ ọdún 12 dá gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Bí o bá jẹ́ ọ̀dọ́ tó ń ka orí yìí, ẹkún ọ̀rẹ́ rẹ kì í ṣe ohun tí a ń gbé sórí WhatsApp. Gbọ́ ọ, pa á mọ́, sọ tìrẹ náà fún un nígbà tó bá tó àkókò. Bí o bá sì ti dàgbà, tí orúkọ ẹnì kan ń wá sí ọ lọ́kàn bí o ṣe ń kà á, ẹni tó mọ̀ ọ́ kí ayé tó mọ̀ ọ́, pè é lónìí. Má ṣe dúró de ìròyìn tó jẹ́ kí Gordie jókòó kọ ìwé.